Baálé Tó Ní Ilé Ò Tíì Pé

"Méje," ni Baálé wí. "Ẹ̀rọ méje ló wá kí mi láàárọ̀ yìí. Ilé ò tíì pé. Ẹ kú sùúrù."

Ìbídùn, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe, gbé iwájú orí lé etí tábìlì, ó sì pa ojú dé. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn ni Baálé, ìbá ti mọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ìbá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ìbá wá àgbà tí yóò bá a dá sí i, bí gbogbo rẹ̀ bá sì kùnà, ìbá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ bú u níbi tí kò ti ní gbọ́. Ṣùgbọ́n Baálé yìí kì í ṣe ènìyàn. Àpótí irin kékeré kan ni, kò tóbi ju agolo mílíìkì méjì tí a so pọ̀ lọ. Ó jókòó sórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, iná aláwọ̀ ewé kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ilé-iṣẹ́ gàrí Odò-Àràbà sì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ń fún un, èyí tó ń kù ú, àwọn agbada ńlá tó ń yí ara wọn po lórí iná, títí dé èyí tó ń lu àpò lóǹtẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ọ̀kan tó lè mira bí Baálé kò bá tíì dá a lóhùn. Lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀, funfun lórí dúdú: MI Ò TÍÌ GBÀṢẸ.

"Mélòó ni ilé tó pé?" Ó ti mọ èsì rẹ̀, inú ló ń bí i tó fi ń béèrè.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ kú sùúrù."

"Ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà yìí ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Mo ti fi ọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ̀rọ méje ló wá kí mi," ni Baálé wí, pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà tó ti jẹun yó. "Ẹ kú sùúrù."

Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn ẹ̀gẹ́ ló sì gbé wá. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú yóò fọwọ́ di imú, yóò ní ó ti bàjẹ́. Ìbídùn mọ̀ pé kò tíì bàjẹ́, ó kàn ń múra àtilọ síbẹ̀ ni. Gàrí Ìjẹ̀bú ní láti kan, kíkan rẹ̀ niyì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ ṣe ní ààlà ni kíkan ṣe ní ààlà. Ẹ̀gẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Odò-Àràbà ló wà nínú àpò lábẹ́ ẹ̀rọ ìfún-ẹ̀gẹ́ yẹn, ẹ̀gẹ́ ọdún kan gbáko, ọdún tí òjò kọ́kọ́ kọ̀ tí ò rọ̀, tó wá rọ̀ tán tí kò fẹ́ dá mọ́. Bí agbada kò bá gbóná kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Wọn ò sì lè torí ẹ̀ yan án lọ́wọ́, nítorí gàrí tí ẹ̀rọ kò bá dán wò kó lù ú lóǹtẹ̀, kò sí ọjà tó gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Òfin ni, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Màjèlé ẹ̀gẹ́ kan ló fà á láyé àwọn ìyá wọn.

Àrá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sán àná ló sán lu wáyà orí òrùlé, Baálé àtijọ́ sì kú síbi tó jókòó sí, èéfín díẹ̀ ló yọ, kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Tuntun yìí ni ẹyẹ irin gbé dé láti Ìjẹ̀bú-Òde lówùúrọ̀. Kò mọ ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ẹ̀rọ inú ọgbà ní láti tún wá kí i, kó mọ ojú wọn, kó sì kà wọ́n. Bí iye wọn kò bá sì tó èyí tí òfin là sílẹ̀, kò ní dá ẹyọ kan lóhùn. Ilé tí kò tó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lójú àwọn tó ṣe é, kì í ṣe ilé. Kò nílò baálé.

Ó ti pe Iléeṣẹ́ Aláṣẹ, àwọn tó fi Baálé ránṣẹ́, lórí fóònù. Ohùn obìnrin kan ló dá a lóhùn, ohùn tó ń sọ Yorùbá tí kò wá láti ìlú kankan, tó sì mọ ìkíni ju ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ. Ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú ojú ọjọ́, ó kí i kú ìnáwó, ìnáwó kí ni, Ìbídùn kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó ka nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ Baálé fún òun. Nọ́ńbà náà gùn bí ìtàn ìdílé ọba. Ó kà á. Bó ti kà á dé òpin, ohùn náà ní ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀, kó jọ̀wọ́ tún un kà. Ariwo ọ̀hún ni àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà, tí wọ́n ń jà nítorí ẹni tó jókòó sí ibòòji ẹni. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fò láyé ìgbà náà, wọ́n sì ti ṣe èyí tó ń gbẹ̀bí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì ṣe èyí tó mọ ẹ̀gẹ́ bó. Ìbídùn ti fèrèsé, ó tún un kà. Ohùn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní nọ́ńbà náà tọ̀nà, ilé ni kò tíì pé. Ó kí i kú sùúrù, ó sì dágbére.

Ọ̀gá Ṣówándé, alákòóso ilé-iṣẹ́, wọlé láìkanlẹ̀kùn. Aṣọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sára ẹni ló wọ̀, ó ń kùn yùn-ùn bí oyin tó há sínú ìgò. Ó bi Ìbídùn pé ibo lọ̀rọ̀ dé. Ìbídùn ní ibi tó wà náà ló wà. Ọ̀gá ní kó bá Baálé sọ̀rọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìbídùn ní òun ti sọ ọ́ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ ya. Ọ̀gá bá ránṣẹ́ pe Ẹ̀ńjíníà Ọ̀sífẹ̀sọ̀, ẹni tó gbé àwọn ẹ̀rọ tuntun dé ní ọdún tó kọjá, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí kò tíì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀ńjíníà dé pẹ̀lú ìjókòó rẹ̀. Ó jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó mọ́ tónítóní, kì í yára, kì í sì í gbà pé òun ṣì í. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i, ó sì rọra béèrè bí wọ́n ṣe tò àwọn ẹ̀rọ náà.

"Ọ̀kan ni mo tò," ni Ẹ̀ńjíníà wí, ojú rẹ̀ sì dán. "Mo tò ó bí ẹni ń di irun ọmọge. Nígbà tó pé tán, mo da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sínú àwọn yòókù. Ẹ lọ wò wọ́n, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Ẹ̀ńjíníà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ da orí rẹ̀ náà kọ?"

"Àtorí àtẹsẹ̀."

Ìbídùn gbé ọwọ́ lé ẹnu. Orí ẹ̀rọ ni ohun tí Baálé fi ń dá a mọ̀, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ méjì ní orí kan náà láyé yìí. "Ìyẹn ni pé orí kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tuntun fi ń kí Baálé, sà. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mẹ́fà, tí wọ́n ní orí tiwọn, àti ẹnì kan tó ń kí i léraléra láti àárọ̀. Ìyẹn ló ṣe ń sọ pé méje."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?" Ẹ̀ńjíníà wo Ọ̀gá, bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. "Bí ìdílé kan bá lọ kí ọba, ṣé gbogbo wọn ni yóò máa pariwo ni? Ẹnì kan ni yóò gbẹnu sọ, àwọn yòókù á wólẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa yọ Baálé lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi tò wọ́n."

Ọ̀gá Ṣówándé mi orí, ó ní òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ ilé ni.

"Baálé kì í wo ẹ̀yìn ẹni tó ń kí i, sà," ni Ìbídùn wí, ó sì ń fi agbára mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹni tó bá lanu nìkan ló ń kà."

"Baálé àtijọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Baálé àtijọ́ ti fi àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n wá rọ́pò ka ilé pé kí wọ́n tó dé, kò tún béèrè orí ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀ńjíníà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, aláìmọ̀wàáhù ni tuntun yìí. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.

Kò sí ọ̀nà méjì; àfi kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yan orí tuntun. Ìbídùn mú wáláà rẹ̀, wáláà oníná tó fi ń wo inú ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ arin-ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́. Ó so okùn mọ́ ọn, ó ní kó tún orí yàn. Ẹ̀rọ náà béèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀ràn orí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré, ṣé ó dá a lójú dájúdájú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ náà kú, ó dákẹ́ bí òkúta, ó wá tún jí, ó ní ẹ káàbọ̀, òun ni ẹ̀rọ tuntun, èdè wo ni wọ́n fẹ́ kí òun máa sọ? Báyìí ló ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí eékún, lórí ikùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú orí nísàlẹ̀ agbada àti ẹsẹ̀ lókè. Ẹ̀ńjíníà ń tẹ̀ lé e, ó ń gbé ìjókòó rẹ̀ láti ibi kan dé ibi kan, ó ń sọ fún un pé kó máa ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òórùn tó ń wá láti ìdí ẹ̀rọ ìfún-ẹ̀gẹ́ ti le sí i. Àwọn àgbẹ̀ méjì kan ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo inú ilé bí ẹni tó wá bẹ aláìsàn wò, tí wọn ò sì fẹ́ béèrè bóyá ó ṣì ń mí.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn agbada ẹ̀yìn, márùn-ún kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti yan orí dé ibi tí òfin gbà láyè, kò sí yíyàn mọ́.

Ìbídùn yí ojú sí Ẹ̀ńjíníà. Ẹ̀ńjíníà wo òrùlé.

"Ní ọdún tó kọjá," ó sọ nígbà tó yá, "tí ara Baálé àtijọ́ kì í yá, bí ẹ̀rọ bá fẹ́ sùn, màá ní kó tún orí yàn. Ìyẹn á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i láìgbàṣẹ. Mo sì tún máa ń dá orí àtijọ́ padà fún un, kí wọ́n lè bára wọn mu."

Ìbídùn mọ̀ pé bí òun bá fèsì, ohun tí yóò jáde lẹ́nu òun kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ sí àgbà. Ó dìde, ó gbọn eruku ẹ̀gẹ́ kúrò lórí eékún, ó sì padà sí yàrá.

"Mẹ́rìnlélógún," ni Baálé wí. "Ilé ò tíì pé."

Ó jókòó sílẹ̀. Àwọn mẹ́fà àtijọ́, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yan orí, àti àwọn márùn-ún alágídí tó ṣì ń lo orí kan ṣoṣo. Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀gá ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ mìíràn. Ohùn obìnrin orí fóònù ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, yóò dé kí oṣù tó parí. Ẹ̀ńjíníà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ àṣẹ ayédèrú. Kó tó sọ ọ́ tán, Ọ̀gá ti na ìka sí ojú fèrèsé. Lókè lọ́hùn-ún, lórí igi àràbà, Ojú Òfin rọ̀ sófuurufú, ó rí roboto, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ilé kan tẹ̀ lé èkejì. Ilé-iṣẹ́ tó bá fi kọ́kọ́rọ́ ayédèrú jí ẹ̀rọ, títì ni wọ́n ń tì í pa. Ẹ̀ńjíníà ní òun kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Ṣówándé rí aṣọ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáláà, àti ohun tó ń dán láàárín rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Etí Ìyá Àgbà mi ni, sà. Mo ń bá wọn nù ún."

Ọ̀gá sún mọ́ tábìlì, aṣọ rẹ̀ ń kùn. Etí ìjọba ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ìjọba ló ń fún àwọn arúgbó tí etí wọn ti di. Kékeré ló rí lójú, bí ìkarahun ìgbín tó wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kọ̀mpútà gidi ni, ó ní orí tirẹ̀, ó sì ní àṣẹ ayérayé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kò ní láti kí ẹnikẹ́ni kó tó ṣiṣẹ́.

"Ìbídùn," ni Ọ̀gá pè é, ohùn rẹ̀ sì ti di ohùn bàbá ìyàwó. "Ẹ̀rọ kan ló kù."

"Bí etí yìí bá kí Baálé, sà, àṣẹ ayérayé rẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ọmọ ilé-iṣẹ́ ló dà. Kí oṣù mẹ́fà tó pé ló gbọ́dọ̀ tún wá kí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dákẹ́. Ìkíni kì í sì í kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Ìlọrin ni Ìyá Àgbà ń lọ. Wọ́n ti di ẹrù."

Òótọ́ ni. Ọmọ Ìyá Àgbà obìnrin tó wà ní Ìlọrin ti kọ́ yàrá fún un, ó ti gbin ewúro sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti ń pè é láti ìgbà tí omi ti gba òpópónà ìsàlẹ̀ Odò-Àràbà pé kó máa bọ̀. Ìyá Àgbà ti fi ewúrẹ́ tọrẹ, ó sì ti bá gbogbo àdúgbò jà tán, èyí tí í ṣe ọ̀nà tirẹ̀ láti dágbére.

"Ṣé wọ́n á mọ̀?" ni Ọ̀gá béèrè. "Wọ́n á máa gbọ́ràn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Tó bá tó àkókò, a ó wá ọgbọ́n sí i. Àgbẹ̀ mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Ìbídùn kò wo ẹnu ọ̀nà. Kò nílò láti wò ó. Ó mú etí náà, ó sì so okùn mọ́ ọn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ rí ohun tí Baálé yóò sọ ni.

"Orí tuntun kan dé," ni Baálé wí, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. "Ṣé kí n gbà á sílé? Àṣẹ tó ní tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́. Kò sí pípadà sẹ́yìn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ẹnu Ìbídùn ti là. Ó rí i bí Ìyá Àgbà yóò ṣe jí ní yàrá Ìlọrin lọ́jọ́ kan, tí yóò máa wo ẹnu ọmọ rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa, tí kò ní mọ̀ bóyá ìkíni ni tàbí èébú. Yóò rò pé ayé ló dákẹ́. Kò ní mọ ẹni tó ta á.

Ó fa okùn náà yọ. Ó sọ fún Ọ̀gá pé òun ń lọ bi ẹni tó ni etí.

Ìyá Àgbà wà lábẹ́ àtíbàbà, láàárín àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́. Ó ń bá wọn bó o kí wọ́n má baà sọ pé òun ń jókòó lásán, ó sì ń bá Àǹtí Kúbúrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jà nípa bí ó ṣe ń bó ẹran mọ́ èèpo. Nítorí pé kò gbọ́ èsì kankan, òun ló ń borí. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì fi etí náà sí i. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan bò. Ó sọ ti ẹ̀gẹ́, ó sọ ti oṣù mẹ́fà, ó sọ ti ààlà ìpínlẹ̀. Ọ̀gá Ṣówándé ti tẹ̀ lé e, ó sì fi ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ lé e, ó rọ́ ọ láti orí àwọn tó tẹ ìlú dó. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán. Ó bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ parí.

"Ta ni Baálé yẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, mà," ni Ọ̀gá wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ìgbà wo ló dé ìlú yìí?"

"Òwúrọ̀ òní, mà."

"Òwúrọ̀ òní." Ìyá Àgbà yí sí Àǹtí Kúbúrá, bí ẹni pé wọn kò jà rí. "Ìwọ náà gbọ́ ọ. Òwúrọ̀ òní ló wọ̀lú, èmi tí mo ti wà ńbí kí wọ́n tó la títì, èmi ni kí n dìde lọ kí i. Ṣówándé, bàbá rẹ kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ ọ́n. Àlejò ló ń kí onílé. Bó bá fẹ́ rí mi, kó wá kí mi níbi tí mo jókòó sí."

Àǹtí Kúbúrá rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà sọ pé ó ti parí nìyẹn, kí wọ́n lọ wá ẹlẹ́dẹ̀ wá.

Ìbídùn kò dìde lórí eékún. Ó ti sú u dé ibi pé ọ̀rọ̀ tó wọ etí rẹ̀ kò rí ibòmíràn yà sí, tààrà ló wọ inú. Kó wá kí mi. Ta ló ní dandan ni kó jẹ́ pé àpótí yẹn ni Baálé? Kì í ṣe àpótí ló ní àṣẹ, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ. Bí ó bá kúrò nínú àpótí, àpótí di ẹ̀rọ lásán bíi ti gbogbo ẹ̀rọ, ó ní orí tirẹ̀, òun náà yóò sì ní láti wá kí ẹnìkan.

Mẹ́rìnlélógún, àti òun.

Ó tún pe Iléeṣẹ́ Aláṣẹ. Ó jẹ́ kí ohùn náà kí òun tán. Ó ka nọ́ńbà gígùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i láìmí. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òfin sọ irú ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ Baálé. Ohùn náà dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ó ní kó jọ̀wọ́ dúró, òun ń wò ó. Ìgbà tó padà dé, ó ní ẹ̀rọ yòówù tó bá ní àṣẹ ayérayé tirẹ̀ lè gbé kọ́kọ́rọ́, àṣẹ tirẹ̀ kò sì ní parẹ́. Ó béèrè bóyá inú Ìbídùn dùn sí ìrànlọ́wọ́ tí òun ṣe, kó fi ìràwọ̀ kan sí márùn-ún dá òun lóhùn. Ìbídùn pa fóònù.

Ó sọ fún Ìyá Àgbà ohun tó rí. Ó ní ohunkóhun kò ní so wọ́n mọ́lẹ̀, Ìlọrin ò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, àwọn ẹ̀rọ yìí yóò ní láti tún kí wọn, bí wọn ò bá sì sí nítòsí, ilé-iṣẹ́ yóò sùn.

"Wọ́n á wá máa wá mi?"

"Ọ̀gá ni yóò máa wá yín, mà. Pẹ̀lú mọ́tò."

Ìyá Àgbà wo Ọ̀gá Ṣówándé láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ní mọ́tò tí kò ní awakọ̀ máa ń kọ́ òun lóyì, èyí tí èèyàn ń wà ni kó gbé wá. Ọ̀gá ní kò burú. Ìyá Àgbà ní kó má sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ọ̀gá fi àwọn àgbẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìbídùn sáré wọlé. Ó tú ìdí àpótí, ó fi ẹ̀mú kékeré yọ hóró ẹ̀gúsí náà. Baálé wà lẹ́nu ẹ kú sùúrù nígbà tí ohùn rẹ̀ já. Iná ewé náà kú, ojú àpótí ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ funfun sì jáde lórí rẹ̀: MI Ò TÍÌ GBÀṢẸ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ìbá dúró wò ó díẹ̀ sí i, nítorí ó dùn mọ́ ọn.

Ó sáré padà sábẹ́ àtíbàbà, ó ki kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀yìn etí ìjọba tó wà létí Ìyá Àgbà, ó sì ní kó má mira.

Àwọn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Lójú wáláà, Ìbídùn ń rí iye wọn bó ṣe ń gòkè. Nínú etí, Ìyá Àgbà nìkan ló ń gbọ́ wọn.

"Káàsán," ó wí. "Ìwọ ta ni? Arin-ẹ̀gẹ́. Ṣé dáadáa lo wà?" Ó dúró. "Kò dáhùn. Ó kàn tún ń kí mi ni."

"Ìkíni nìkan ni wọ́n mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá."

"Wọn ò kọ́ wọn. Káàsán. Ìwọ ńkọ́?"

Kò fo ẹyọ kan. Bí Ìbídùn ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fara balẹ̀ tó. Ó bi akùgàrí bó ṣe sùn, ó bá olóǹtẹ̀ wí pé ohùn rẹ̀ le ju ti ọmọ tó gbọ́n lọ. Àpótí ló kí i kẹ́yìn, pẹ̀lú ohùn àgbàlagbà tó ti jẹun yó, Ìyá Àgbà sì ní kó tún un kí, kó rọra kí i. Lójú wáláà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde. Ilé ti pé. Ní báyìí, etí náà yóò máa fi àṣẹ ránṣẹ́ padà, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò létí Ìyá Àgbà títí yóò fi tán.

Arin-ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ gbọ̀n, ó kígbe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìfún-ẹ̀gẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpò, omi ẹ̀gẹ́ tú jáde pẹ̀lú òórùn tó mú Ẹ̀ńjíníà gbé ìjókòó rẹ̀ sá. Agbada kan gbóná, òmíràn gbóná. Àwọn àgbẹ̀ ti wọ inú ọgbà, wọ́n ń pariwo, Ọ̀gá ń pàṣẹ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ, aṣọ rẹ̀ ń kùn, ẹ̀rọ ń ké, ìdajì wọn ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì jí.

Láàárín ariwo yìí ni Ìyá Àgbà fajú ro, tó sì gbé ọwọ́ lọ sí etí rẹ̀.

Bó bá yọ etí ìjọba náà, àṣẹ tó kù já nìyẹn. Ọ̀gá Ṣówándé ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, nínú omi ẹ̀gẹ́, gbọọrọ. Àwọn àgbẹ̀ wó tẹ̀ lé e. Àǹtí Kúbúrá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, gbogbo àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ sì kúnlẹ̀, Ẹ̀ńjíníà sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

Ìyá Àgbà wò wọ́n láti òpin kan dé èkejì.

"Kí lẹ ń kí mi fún?" ó wí. "Etí ló ń yún mi."